Òbí Tọ́ Ọ, Ta Ló Kọ́ Ọ? Lámèyítọ́ Fíìmù Rise

Fíìmù Rise parí síbi tí mo rò pé ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2013, ní gbọ̀ngàn Barclays Center ní Brooklyn, wọ́n pe orúkọ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Athens, pé ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks ti mú un. Òun ni ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n mú lálẹ́ ọjọ́ náà. Orin gòkè, inú ẹbí dùn, inú àwa tí à ń wò ó náà dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n pè yẹn, Giannis Antetokounmpo, kò tíì mọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n gbá délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ga, apá rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kò sì fẹ́ padà sínú ìṣẹ́ mọ́. Ìwọ̀nba ohun tó kó lọ sí Amẹ́ríkà nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ló gbà á kó tó di ẹni tó ń nìkan jẹ àmì 50 nínú eré àṣekágbá, eré tó fún Milwaukee ní ife-ẹ̀yẹ tí wọn ò rí gbà mọ́ láti ọdún 1971. Ta ló kọ́ ọ láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn? Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ọ? Fíìmù náà ò bá wa dé ibẹ̀.

N ò ní torí èyí sọ pé Rise ò dára. Ó dára, ó tilẹ̀ dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń retí lọ́wọ́ Disney lọ. Ṣùgbọ́n fíìmù tó bá ń ròyìn bí èèyàn ṣe di akọni gbọ́dọ̀ sọ fún wa ohun tó sọ ọ́ di akọni, ìdáhùn tí Rise sì fún wa lórí ìyẹn kò ju ààbọ̀ lọ.

Akin Omotoso ló darí rẹ̀, ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Kole Omotoso ni Akin, òǹkọ̀wé wa tó papò dà ní 2023. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, ọdún 1992 ni ìdílé wọn kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tó bá ti wo Man on Ground, fíìmù tó ṣe ní 2011 lórí bí àwọn onílẹ̀ ṣe ń kọjú ìjà sí àjèjì ní Gúúsù Áfíríkà, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdajì àkọ́kọ́ Rise fi wọni lára. Charles àti Vera, àwọn òbí Giannis, kúrò ní Èkó, wọ́n fi Francis àkọ́bí wọn sílẹ̀ fún àwọn ẹbí, wọ́n dé ilẹ̀ Gíríìsì, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́rin síbẹ̀. Òfin Gíríìsì ìgbà náà ò kà wọ́n sí ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ń lọ sí iléèwé níbẹ̀, èdè ibẹ̀ dá lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n lórí ìwé, wọn kì í ṣe ará ibì kankan. Wọ́n ń ta dígí ojú lójú títì, ojú wọn kì í kúrò lára ọlọ́pàá tó ń bọ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí Amẹ́ríkà ti ń wo ọmọ náà, ni Gíríìsì tó fún un níwèé ọmọ onílùú. Ó kù bí ọ̀sẹ̀ méje kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Brooklyn.

Dayo Okeniyi, ọmọ tí wọ́n bí sí Jos, ló ṣe Charles. Kò pariwo rárá. Ó ṣe bàbá tó mọ̀ pé bí òun bá bínú, gbogbo ilé ló máa wárìrì, torí náà kò bínú. Yetide Badaki tó ṣe Vera ló ń gbé ilé náà ró. Ojú ẹ̀ lásán ti tó láti mọ̀ bóyá owó ilé pé tàbí kò pé. Ọmọ ìyá kan náà ni Uche àti Ral Agada tó ṣe Giannis àti Thanasis ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì hàn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń pín bàtà ẹyọ kan lò: ọ̀kan jáde lójú pápá, ó bọ́ ọ, èkejì kó ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wọlé. Olùdarí mìíràn á ti kó ohùn fèrè lé e lórí, á ní kí ẹnì kan sunkún. Omotoso fi í sílẹ̀ bí ohun tí ò ṣe bàbàrà, bí ọmọ ilé kan ṣe ń pín búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ó mọ̀wé ẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tí Rise gbà gbọ́ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Àmọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ fíìmù náà ti dẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá inú rẹ̀ kò ju ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tàbí ẹni tó ń tì í lọ. Ìdánrawò di àwòrán kéékèèké tí wọ́n tò lé ara wọn sábẹ́ orin Ré Olunuga. Ọmọ ń sáré, ọmọ ń fò, òógùn ń jábọ́. Nígbà tí orin máa fi dákẹ́, ọmọ ti mọ̀ ọ́n gbá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ iṣẹ́? Kò sí ibi kankan tí kóòṣì ti dá ọmọ náà dúró kó sọ pé ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kó fi síwájú, pé ojú ẹ lọ sí ibi tí kò yẹ, pé pàsì yẹn pẹ́. Bẹ́ẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ ni ìgbà ọmọdé eléré.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an sì ní ohun tó pọ̀ nínú tó lè ran fíìmù lọ́wọ́. Spiros Velliniatis, kóòṣì kan ní Athens, ló rí Giannis ní àdúgbò Sepolia nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọmọ náà fẹ́ràn, bíi bàbá rẹ̀ tó ti gbá a nílé, kò sì tíì fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rí. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ni Velliniatis kọ́kọ́ lọ, ó ní bí àwọn ọmọ bá wá gbá bọ́ọ̀lù, òun á bá wọn wá iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kóòṣì ṣe lórí ọmọ yìí ni pé ó wá oúnjẹ sórí tábìlì wọn. Nígbà tó wá dé ẹgbẹ́ Filathlitikos, tó ga ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọn ò lé e lọ sábẹ́ àwọ̀n kó lọ dúró bí òpó. Wọ́n jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, kó máa wo pápá, kó máa pín in. Irúgbìn ohun tó wá dà nìyẹn, fíìmù sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wéré.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù, kó wá ìwé Mirin Fader tó jáde ní 2021, Giannis: The Improbable Rise of an NBA MVP. Kò sí orin nínú ìwé, kò sí ojú tó rẹwà, ṣùgbọ́n àwọn kóòṣì wà nínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn ẹlẹ́ran ara, pẹ̀lú inú rere àti ìwà ìkà wọn.

Larry Drew ni kóòṣì tó kọ́kọ́ gbà á ní Milwaukee. Eré 15 péré ni ẹgbẹ́ náà borí ní sáà 2013 sí 2014, wọ́n pàdánù 67. Nínú gbogbo ìtàn Bucks, kò sí sáà tó burú tó ìyẹn. Àdánù yẹn ló ṣí àyè sílẹ̀ fún ọmọ tuntun. Nígbà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń lé, kò sí ẹni tó máa lọgun lé e lórí bó bá ṣàṣìṣe. Ó kópa nínú eré 77, wọ́n fi í bẹ̀rẹ̀ nínú 23, kò sì jẹ tó àmì méje nínú eré kọ̀ọ̀kan tí a bá pín in dọ́gba. Ìgbà yẹn ló fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé láti Western Union, tí kò wá ku owó takisí mọ́, tó ń sáré lọ sí gbọ̀ngàn eré nínú òtútù títí tí àwọn tọkọtaya kan fi gbé e. Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn yẹn, ó sì dùn ún gbọ́. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé Drew ò fún un níṣẹ́ kan pàtó. Ó ń gbá a níhìn-ín, ó ń gbá a lọ́hùn-ún. Àyè wà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà.

Jason Kidd dé gẹ́gẹ́ bí kóòṣì ní 2014, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ atọ́kùn, ẹni tí bọ́ọ̀lù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kidd le. Ìwé Fader ròyìn ọjọ́ tí ẹgbẹ́ pàdánù nígbà tí Kérésìmesì ti sún mọ́lé, tí Kidd fagi lé ìsinmi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń retí, tó kó wọn lọ ṣe ìdánrawò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí wọn. Giannis náà ò bọ́ níbẹ̀. Kidd gbé e sórí bẹ́ǹṣì nígbà kan, inú bí ọmọ náà dé góńgó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà fún ìwé ìròyìn Sports Illustrated: ó jókòó, ó ń wò ó pé kí ni ọkùnrin yìí tilẹ̀ ti ṣe láyé tó fi ń ṣe báyìí, ló bá mú fóònù, ó wá orúkọ Kidd. Ó rí i pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó tayọ, ó gba ife NBA, ó gba góòlù Òlíńpíìkì, òun sì ni ẹni kejì nígbà náà nínú ìtàn àwọn tó fi bọ́ọ̀lù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ jùlọ. Giannis ní òun rọra fìdí mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ kóòṣì wa máa rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé kí wọ́n túbọ̀ le. Kì í ṣe líle Kidd ló kọ́ ọmọ náà. Ohun tó kọ́ ọ ni iṣẹ́ tí Kidd gbé lé e lọ́wọ́. Lóṣù Kejì ọdún 2016, nígbà tí sáà ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, Kidd sọ ọmọ tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje di atọ́kùn ẹgbẹ́. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi bọ́ọ̀lù lé ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa darí eré. Lọ́jọ́ 22 oṣù náà, níwájú Los Angeles Lakers, ó jẹ àmì 27, ó mú bọ́ọ̀lù tó ta padà 12, ó sì fi 10 lé àwọn ẹlẹgbẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n fi jẹ. Kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí ní NBA. Kí sáà tó parí, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Sáà tó tẹ̀lé e, òun ni wọ́n pè ní ẹni tó tẹ̀síwájú jùlọ nínú liigi.

Kidd tó ṣe èyí náà ló ní kí ọmọ yẹn yé ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Bóyá ó fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó lọ sábẹ́ àwọ̀n ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èlé nígbà tí àwọn alátakò mọ̀ pé kò ní jù ú. Toronto to èèyàn bí ògiri síwájú rẹ̀ ní 2019, Miami tún tò ó ní 2020, ọ̀nà dí. Milwaukee lé Kidd lọ lóṣù Kìíní ọdún 2018. Ọmọ tó ti fìyà jẹ yẹn ni wọ́n ní ó pè é lórí fóònù láti bi í bóyá ohun kan wà tí òun lè ṣe. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kì í rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí.

Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ gan-an lọ́dọ̀ Mike Budenholzer tó gba ẹgbẹ́ ní 2018. Ọ̀dọ̀ Gregg Popovich ní San Antonio ló ti kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tún ilẹ̀ pín. Ó lẹ àmì onígun mẹ́rin mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀ gbọ̀ngàn ìdánrawò, yíká ìlà àmì mẹ́ta, kí kálukú mọ ibi tó máa dúró sí, kí àárín lè ṣófo. Brook Lopez, òmìrán tí ẹlòmíràn á ti lé lọ sábẹ́ àwọ̀n, ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Àyè ṣí sílẹ̀, Giannis sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Eré 60 ni wọ́n borí ní sáà àkọ́kọ́. Òun ni wọ́n pè ní eléré tó tayọ jùlọ ní 2019 àti 2020. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń já kulẹ̀ ní ìparí sáà, àwọn tó ń wò ó sì ní Budenholzer kì í yí padà bí ojú ọjọ́ bá yí. Ó yí padà ní 2021. Nígbà tí eré bá le, ọwọ́ Jrue Holiday àti Khris Middleton ni bọ́ọ̀lù ń wà, Giannis á wá máa sáré wọnú àyè láìní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ẹni tó bá rántí eré karùn-ún pẹ̀lú Phoenix á rántí Holiday tó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Devin Booker, tó gbé e sókè, àti ọwọ́ gígùn kan tó yọ láti ẹ̀yìn tó rọ̀ ọ́ sínú àwọ̀n. Ọmọ tí Kidd sọ di atọ́kùn ti wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́kùn. Ọjọ́ 20 oṣù Keje, ó jẹ àmì 50, ó sì ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 17 sínú nínú 19, òun tí àwọn òǹwòran ìlú mìíràn ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé lórí pẹ̀lú ariwo bó bá ti dúró láti jù ú.

Ibi tí mo fẹ́ dé nìyẹn. Ẹnu wa kì í kúrò lórí bóyá kóòṣì le tàbí ó rọ̀. A ní òwe fún un pàápàá, pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Òwe ìwà nìyẹn, kì í ṣe òwe iṣẹ́. Ohun tó ń yí ọmọ padà ni iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe àti àyè tí wọ́n fún un láti ṣe é láìdáa kó tó ṣe é dáadáa. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, ẹ̀rí kan wà tí kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Jared Goff ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tuntun ọdún 2016, ipò quarterback ló wà, ẹni tí gbogbo eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ kóòṣì Jeff Fisher àti ẹni tó tẹ̀lé e fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi í bẹ̀rẹ̀ eré méje, wọ́n pàdánù méjèèje. Ọdún tó tẹ̀lé e, Sean McVay tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún gba ẹgbẹ́ Goff, Goff kan náà sì borí eré 11 nínú 15. McVay ń mú kí ẹgbẹ́ tètè tò, kó lè máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú àṣíborí títí tí rédíò yẹn fi máa ń kú nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15. Ó ṣiṣẹ́, wọ́n dé Super Bowl. Ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta gan-an ló ń wo pápá, ojú Goff ni àbí ti McVay, kò sì pẹ́ tí McVay fúnra rẹ̀ fi tà á fún Detroit ní 2021. Níbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó fún un láyè láti fi ojú ara rẹ̀ wo eré, ó tún gbérí.

Fíìmù Rise náà ti dé Minna. Láti fóònù sí fóònù ló gbà dé, bí nǹkan ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìlú bọ́ọ̀lù ni ìlú yìí. Niger Tornadoes tó gba ife Challenge Cup ní 2000 ni gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n a ní Niger Potters náà, tó ti gbá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n nínú liigi àgbà. Kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ wo Giannis tó ń ta dígí lójú títì, kó sọ pé èmi náà lè dé ibẹ̀, iṣẹ́ rere ni fíìmù ṣe yẹn. N ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ mo wo ìdánrawò kan ní àgbàlá kan nílùú yìí. Kóòṣì náà kì í ṣe ẹni tó ń bú ọmọ. Ó ń fi Hausa àti Òyìnbó bá wọn ṣàwàdà, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ga ju gbogbo wọn lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bí mo ṣe gbọ́. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́ ní àárín pápá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó gbójú sókè, ó ń wá ẹni tó máa fún. Kóòṣì súfèé. Ó rọra sọ fún un, tẹ̀rín tẹ̀rín, pé kó fún àwọn kékeré ní bọ́ọ̀lù, kí òun máa sáré lọ sábẹ́ àwọ̀n. Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó lọ dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Títí wọ́n fi parí, n kò rí i kó tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ mọ́. Kò sí ìkà nínú ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Ìdíje ló ń bọ̀, ó fẹ́ borí, ọmọ gíga lábẹ́ àwọ̀n sì máa bá a borí lọ́sẹ̀ yìí. Ọdún márùn-ún sí i, àwọn ẹlòmíràn á ti bá ọmọ náà dọ́gba ní gíga, kò sì ní mọ ohun mìíràn ṣe. Hakeem Olajuwon tiwa ti súnmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì l'Ékòó. Ẹsẹ̀ tó kó wá láti inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló fi da gbogbo òmìrán NBA láàmú, nítorí pé àwọn tó gbà á ní Houston ò gba ẹsẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Niger kò ní kó wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà, orúkọ Niger Potters nìkan tó láti rán wa létí. Nígbà tí Michael Cardew dá iléeṣẹ́ ìkọ́ni ní ìkòkò sílẹ̀ ní Suleja, tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ladi Kwali tó wá bá a ní 1954 ti mọ ìkòkò mọ kó tó dé. Ọwọ́ àwọn obìnrin Gwari ló fi ń mọ ọ́n, ó ń yí i ká bí ìkòkò ṣe ń ga. Cardew fi kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò hàn án, ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi dígí yíyọ́ bo ara ìkòkò, ó sì fi iná ńlá kún un. Ṣùgbọ́n kò ní kó fi ti ilé rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìkòkò tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, tó sì fín aláǹgbá àti àkekèé sí lára. Òun ló wà lẹ́yìn ogún náírà tó wà nínú àpò wa.

Ṣé ó wá yẹ kí n bá Omotoso wí? Díẹ̀ ni. Fíìmù ẹbí ni wọ́n ní kó ṣe, ẹbí náà ló sì ṣe, ó ṣe é tọwọ́tẹsẹ̀. Giannis fúnra rẹ̀ wà lára àwọn aláṣẹ tó gbé fíìmù náà jáde, ọmọ tó dàgbà kì í sì fẹ́ kí wọ́n máa tún sọ bí wọ́n ṣe gbé òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá rẹ̀ kú ní 2017, kò fojú rí ife-ẹ̀yẹ. Mo gbọ́ ọ yé pé ọmọ fẹ́ fi fíìmù tún bàbá rẹ̀ gbé dìde. Ìyẹn ló mú kí Charles inú fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àléébù kankan, tí Okeniyi fi ní láti fi ojú ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ inú ìwé eré kò fún un. Níkẹyìn fíìmù, a fo láti ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sí àwọn arákùnrin mẹ́ta tó gba ife NBA, Kostas ní 2020 pẹ̀lú Lakers, Giannis àti Thanasis ní 2021. Ìfò yẹn ni mi ò lè dárí jì. Ọdún mẹ́jọ ìkọ́ṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, bí ẹni pé níbi tí ìyà ti parí ni ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá máa ṣe èkejì, kó bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas, lóṣù Keje ọdún 2014, níbi ìdíje ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí ife-ẹ̀yẹ gidi kan nínú ẹ̀, tí Kidd tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ti kọ́kọ́ dán an wò, tó fi bọ́ọ̀lù lé ọmọ gíga yẹn lọ́wọ́ pé kó máa gbé e bọ̀ láti ẹ̀yìn. Kí wọ́n jẹ́ ká rí i bó ṣe ń sọ ọ́ nù, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Kidd sọ àti ohun tí kò sọ. Omotoso ni kí wọ́n tún gbé e fún. Kí wọ́n kàn má fi ẹni tí ìtàn dá lé lórí sáàárín àwọn aláṣẹ lọ́tẹ̀ yìí.